Koríko Òkun Tó Ń Gbá Kádímíọ̀mù Mú, àti Ohun Tó Dá A Dúró sí Láàbù

Ní 2014, ìwádìí kan jáde lórí koríko tó ń léfòó lójú òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn onímọ̀ ewéko tó ṣe é ní irú méjì ló dàpọ̀ mọ́ra níbẹ̀: Sargassum natans àti Sargassum fluitans. Ẹlòmíràn lè ka orúkọ méjèèjì kó sì kọjá lọ. Èmi dúró sórí ti àkọ́kọ́, torí mo ti bá a pàdé níbòmíràn rí. Orúkọ yẹn wà nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà kan ní Yunifásítì McGill, ní ìlú Montreal, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ọdún 1988 ni wọ́n ti ń kọ̀wé pé koríko yìí kan náà ń yọ wúrà kúrò nínú omi.

Bí ọ̀ràn náà ṣe lọ ní McGill ni mo fẹ́ kọ síbí: ohun tí wọ́n rí, bí wọ́n ṣe rí i, àti ìdí tí koríko tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò fi di ohun tí ilé-iṣẹ́ ń rà lọ́jà. Gbogbo ìgbà tí koríko òkun bá gun etíkun wa lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnìkan á ṣáà sọ pé ẹ jẹ́ ká máa fi í fọ omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni onítọ̀hún sọ. Àwọn kan ti rin ọ̀nà náà ṣáájú wa ni.

Òjé la mọ̀ jù nílẹ̀ yìí nínú àwọn irin olóró, ṣùgbọ́n kádímíọ̀mù ni iṣẹ́ McGill tí mo fẹ́ sọ dá lé lórí. Ó wà nínú àwọn bátìrì kan tí a ń gba iná sí, nínú ọ̀dà pupa àti ọ̀dà yẹ́lò kan, wọ́n sì máa ń fi bo bóòtì àti nọ́ọ̀tì kí wọ́n má baà dípẹtà. Ohun tó ń ṣe lára èèyàn, àwọn ará àfonífojì odò Jinzu ní Toyama, lórílẹ̀-èdè Japan, ló mọ̀ ọ́n jù. Ibi ìwakùsà kan wà lókè odò, ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn sínú omi, àwọn àgbẹ̀ ń darí omi náà sóko ìrẹsì. Egungun àwọn obìnrin tó ti dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń kán. Ẹlòmíràn á wúkọ́ lásán, egungun ìhà rẹ̀ á kán. Igbe tí wọ́n ń ké ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ: itai-itai, “ó ń dùn mí, ó ń dùn mí.” 1968 ni ìjọba Japan tó gbà pé kádímíọ̀mù ló fà á.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kádímíọ̀mù inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju 0.003 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Ẹ wo tánkà epo tó ń gbé lítà 33,000 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ká ní omi mímu ló kún inú rẹ̀, kádímíọ̀mù tí òdiwọ̀n yìí gbà láàyè nínú odindi tánkà náà kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Iyọ̀ tí èèyàn fi ìka méjì bù sọ́bẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń lò tipẹ́ láti yọ ọ́ ni láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń ṣe láti ara òkúta, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n á dà á sínú omi, irin á dì, á rì sísàlẹ̀ bí ògì ṣe ń silẹ̀, wọ́n á wá dẹ omi òkè kúrò bí omidùn. Ó dára nígbà tí irin bá pọ̀ nínú omi. Tó bá wá ku díẹ̀, láìmù tí wọ́n máa dà sí i àti ẹrẹ̀ olóró tí wọ́n máa kó á pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Résìnì, ìyẹn àwọn hóró ike wínníwínní tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí, lè gbá èyí tó kù mú, àmọ́ owó gọbọi ni. Láàárín láìmù tó ń ṣẹ́ díẹ̀ kù àti résìnì tó ń jẹ owó, ibẹ̀ ni Bohumil Volesky rò pé koríko òkun ti lè ráyè jókòó.

Ọmọ ilẹ̀ Czech ni Volesky, ó kọ́ni ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní McGill. Òkú koríko ló ń lò, èyí sì ṣe pàtàkì. Ohun alààyè inú òkun máa ń gba irin sára lóòótọ́. Irin tó wà lára ìṣáwùrù òkun làwọn onímọ̀ tiẹ̀ ń kà láti mọ bí òkun ṣe dọ̀tí tó. Ṣùgbọ́n alààyè ní láti jẹun, ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, omi ilé-iṣẹ́ tó kan bí ásíìdì á sì pa á lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òkú kò bẹ̀rù májèlé, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wá bọ́ òun.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní ariwo. Wọ́n á fọ koríko náà, wọ́n á sá a títí á fi gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí hóró rẹ̀ lè dọ́gba. Wọ́n á wọn díẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á da omi tí wọ́n ti po kádímíọ̀mù sí lé e lórí, ẹ̀rọ á máa mì ín. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé omi rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ka irin. Ẹ yọ iye tó kù nínú iye tó wà níbẹ̀rẹ̀; èyí tí ẹ kò rí mọ́ wà lára koríko. Kádímíọ̀mù kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, nítorí náà kò sí ohun tí ojú máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i kó fi bàbà dán an wò. Omi bàbà máa ń búlúù bí búlúù tí àwọn ìyá wa fi ń ṣan aṣọ funfun. Bí koríko bá ti ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ náà á máa ṣá.

Inú ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni agbára náà wà. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní alginate pọ̀ níbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí irú koríko òkun bẹ́ẹ̀ máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ rántí bí ewédú ṣe ń yọ̀ nínú ìkòkò. Ìbátan tó jìnnà ni yíyọ̀ méjèèjì. Lára okùn alginate yìí ni àwọn ìjókòó kan wà, ká pè wọ́n bẹ́ẹ̀, tí agbára iná ara wọn ń fa irin mọ́ra. Nínú òkun, ìjókòó wọ̀nyí kì í ṣófo: kálísíọ̀mù, magnísíọ̀mù àti sódíọ̀mù ti wà lórí wọn. Nígbà tí kádímíọ̀mù bá dé, bíi danfó tó kún ló ṣe rí, ẹnìkan ní láti sọ̀ kí òun tó wọlé. Bí kádímíọ̀mù ṣe ń dín kù nínú ìgò ni kálísíọ̀mù ń pọ̀ sí i, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Tí omi bá wá kan jù, háídírójìn inú ásíìdì á ti gba gbogbo ìjókòó, kádímíọ̀mù á dúró níta. Àléébù ni èyí, ṣùgbọ́n òun kan náà ni wọ́n padà fi tú koríko sílẹ̀, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Wúrà ló kọ́kọ́ ya èèyàn lẹ́nu. Kuyucak àti Volesky rí i pé gíráàmù kan Sargassum natans gbígbẹ lè gbá wúrà tó lé ní 400 mílígíráàmù mú. Wúrà yẹn ju ìdá méjì nínú márùn-ún ìwọ̀n koríko náà fúnra rẹ̀ lọ! Lẹ́yìn èyí, ní 1993, Holan, Volesky àti Prasetyo kó koríko òkun mẹ́ta sójú kan láti fi kádímíọ̀mù dán wọn wò: Sargassum natans, Fucus vesiculosus àti Ascophyllum nodosum. Ascophyllum ló gbégbá orókè. Gíráàmù rẹ̀ kan gba ju 100 mílígíráàmù kádímíọ̀mù lọ, ó sì fi résìnì kan tí wọ́n ń tà lọ́jà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 100 yẹn, torí ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Tí wọ́n bá gbé e jáde, wọn kì í sábà fi àkíyèsí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kún un: omi tó ṣẹ́ kù nínú ìgò nígbà tí koríko gba iye yẹn ṣì ní kádímíọ̀mù 100 mílígíráàmù nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ó ju òdiwọ̀n WHO lọ ní ìlọ́po 33,000. Danfó máa ń kún wọ́ọ́wọ́ nígbà tí èrò bá pọ̀ ní ìdíkọ̀. Nígbà tó bá ku èrò méjì, mẹ́ta ní ìdíkọ̀, ọ̀pọ̀ ìjókòó á ṣófo. Bẹ́ẹ̀ náà ni koríko: bí omi bá ṣe ń mọ́ sí i ni iye tí gíráàmù kan lè gbà ń dín kù. Ẹni tó bá fi 100 ṣírò iye àpò koríko tí ilé-iṣẹ́ máa nílò, tó sì fẹ́ fi dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo rò ó pọ̀, á kàn ṣòfò owó.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí wọ́n to koríko sínú páìpù gígùn, kí omi máa gba òkè wọlé, kó máa gba ìsàlẹ̀ jáde. Omi tó dọ̀tí jù ni koríko òkè ń bá pàdé, nítorí náà ó ń kún dáadáa. Koríko ìsàlẹ̀ ń bá omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ pàdé, ó ń ṣa ìyókù. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ibi tó ti kún á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí kádímíọ̀mù á yọjú nísàlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á ti páìpù náà pa, wọ́n á sì darí omi sí òmíràn.

Ibi páìpù yìí gan-an ni koríko tí wọn kò tíì fi kẹ́míkà kankan ṣe ti kọ́kọ́ dójú tì wọ́n. Inú omi ni yíyọ̀ rẹ̀ ń jò sí, hóró rẹ̀ ń wú, ó ń lẹ̀ pọ̀, omi kò sì lè kọjá mọ́. Àwọn ará McGill fi fọ́málíìnì dè é, kẹ́míkà kan náà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má jẹrà. Hóró náà le, kò wú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, agbára rẹ̀ sì dúró. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á bi mí bóyá ó bọ́gbọ́n mu láti fi ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ṣe asẹ́ omi. Ìbéèrè náà tọ́. Omi tó ń lọ sódò ni wọ́n ń fọ̀, wọn kò fọ omi mímu, síbẹ̀ ẹni tó ń po kẹ́míkà náà lójoojúmọ́ ni ara rẹ̀ wà nínú ewu.

Nígbà tí koríko kún, wọ́n sọ àléébù tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan di kọ́kọ́rọ́: wọ́n da ásíìdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Háídírójìn wọlé, ó lé kádímíọ̀mù jáde, koríko sì ṣe tán láti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n ṣe é tẹ̀léra, agbára koríko náà kò yí padà. Lójú tèmi, èyí ló dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ó ju ti wúrà lọ.

Wọ́n ní koríko tó ń bá résìnì dù ú, tó ṣeé tú, tó ṣeé tún lò. Volesky dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, BV Sorbex, láti gbé e dé ọjà. Síbẹ̀, nígbà tí Geoffrey Gadd ti Yunifásítì Dundee, ní Scotland, yẹ gbogbo ọ̀ràn náà wò ní 2009, ó sọ ọ́ láìfi bò: ìwé ìwádìí pọ̀ lọ súà, àwọn tó ń fi ṣòwò kò tó nǹkan.

Omi láàbù kì í ṣe omi ilé-iṣẹ́. Omi tí wọ́n po kádímíọ̀mù sí ní McGill mọ́ lóló. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi kádímíọ̀mù bo irin, inú sáyánáìdì, kẹ́míkà olóró kan, ni wọ́n ti ń ṣe é. Sáyánáìdì máa ń yí kádímíọ̀mù ká, á sì yí agbára iná ara rẹ̀ padà sí irú ti ìjókòó koríko gan-an. Ohun méjì tó ní agbára iná kan náà kì í fa ara wọn mọ́ra, wọ́n ń ti ara wọn dànù ni. Ẹ lè kó koríko gbogbo etíkun Oǹdó sínú irú omi bẹ́ẹ̀, kádímíọ̀mù á gba àárín wọn kọjá bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ sáyánáìdì náà. Kírómíọ̀mù olóró ní irú ìṣòro yìí, àmọ́ koríko rí ọgbọ́n ta fún un díẹ̀: nínú omi tó kan, ara koríko fúnra rẹ̀ ń sọ kírómíọ̀mù náà di irú tí oró rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kan tí Kratochvil, Pimentel àti Volesky fi Sargassum ṣe ní 1998 fi èyí hàn.

Àwọn tó ń fọ́ bátìrì mọ́tò ládùúgbò wa ńkọ́? Òjé ni tiwọn, koríko sì ń di òjé mú le ju kádímíọ̀mù lọ. Ṣùgbọ́n omi bátìrì, ásíìdì pọ́ńbélé ni. Kí òjé tó dé, háídírójìn ti gba gbogbo ìjókòó. Ẹni tó bá da omi bátìrì sórí koríko láìkọ́kọ́ pa ásíìdì rẹ̀ kò ṣe ju pé ó fọ koríko náà lọ.

Ásíìdì tí wọ́n fi tú kádímíọ̀mù jáde ńkọ́? Omi rẹ̀ kéré, oró rẹ̀ pọ̀. Tí ó bá jẹ́ wúrà, ẹ ó rí ẹni tó máa sáré wá gbé e. Kádímíọ̀mù kò ní olólùfẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ra páìpù koríko ti ra kẹ́ẹ̀gì olóró kan tó ní láti mọ ibi tó máa gbé e sí. Résìnì náà ní ìṣòro yìí, ká má purọ́. Àmọ́ ẹni tó ń ta résìnì mọ̀ pé èyí tí òun ṣe lóṣù yìí á rí bákan náà lóṣù tó ń bọ̀. Koríko kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti hù ń yí i padà, àsìkò ń yí i padà. Ascophyllum tó gbégbá orókè, orí àpáta òkun tútù ló ń hù, àwọn tó ń ṣe alginate àti ajílẹ̀ sì ti ń rà á tipẹ́. Kò pọ̀ nílẹ̀ bí èèyàn ṣe rò.

Sargassum tiwa ló wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 2011 ló ti ń gba ojú òkun Àtìláńtíìkì kan, ó ń dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń há mọ́ àwọ̀n apẹja. Ní oṣù kẹfà 2018, àwòrán láti ojú ọ̀run fi hàn pé ó nà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé òkun ilẹ̀ Mẹ́síkò, kìlómítà 8,850, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Tó bá gun iyanrìn tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló máa ń mú wá. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní. Ọ̀fẹ́ tó tutù rinrin, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ omi, tí iyọ̀ àti iyanrìn kún inú rẹ̀, tí a máa fi ọkọ̀ rù, tí a máa sá lásìkò òjò.

Ohun tó wá ń kọ mí lóminú jù wà nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní etíkun Mẹ́síkò ní 2018 sí 2019. Wọ́n ka irin inú Sargassum tó gun etíkun níbẹ̀, wọ́n rí ásẹ́níìkì, májèlé kan, láti mílígíráàmù 24 títí dé 172 nínú kílò gbígbẹ kan. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi wé e fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn jẹ́ 40. Ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n yẹ̀ wò ló kọjá rẹ̀. Ásẹ́níìkì jọ fọ́sífọ́ọ̀sì, ohun tí ewéko nílò láti fi dàgbà, koríko tí ebi fọ́sífọ́ọ̀sì ń pa lójú agbami á sì gbé e mì. Koríko tí a fẹ́ kó wá gbá irin mú ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀ láti òkun, láìjẹ́ pé a rán an.

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá gbé ìwé ètò wá bá mi pé òun fẹ́ fi koríko Oǹdó fọ omi ilé-iṣẹ́, n kò ní lé e. Màá bi í pé irú omi wo, báwo ni ásíìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ṣé sáyánáìdì wà níbẹ̀, ta ni yóò gba kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, màá ní kó mú àpò koríko gbígbẹ kan wá láti Ìlàjẹ, kó da ásíìdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, kó sì gbé omi tó bá sẹ́ jáde lọ síbi tí wọ́n ti lè ka ásẹ́níìkì inú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni màá kọ́kọ́ wò, kí ẹnikẹ́ni tó ra dúrọ́ọ̀mù.